Iṣẹ́ tí Orin ń Ṣe nínú Ìtàn: Àgbéyẹ̀wò Sinimá Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́ta àti Àlọ́ Àpagbè

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà mọ̀ bí ẹní mowó. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni ipa tí orin ń kó nínú àlọ́ àpagbè? Ìdáhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ kò ṣàjèjì sí wa. Wọn a ní orin ń dá àwọn olùgbọ́ lára yá. Wọn a ní kì í jẹ́ kí oorun kun ọmọdé. Wọn a ní ó ń fún olùgbọ́ láǹfààní láti bá apàlọ́ kópa. Bí ọmọ bá ti to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sílẹ̀, máàkì rẹ̀ ti pé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí èmi náà ti ń fi yíǹkì pupa sàmì sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ohun tí ó sọ mí di ẹni tí ń rò ó kì í ṣe ìwé àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n. Sinimá kékeré kan ni, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi àwòrán yíyà ṣe ní 1933. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta àti ìkookò kan ni ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn sáà kan, nígbà tí ìdánwò ti parí tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ gbọ́ gírámà mọ́, mo fi sinimá náà han kíláàsì mi ní Abẹ́òkúta níbí. Ìdárayá ni mo pè é. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ráńpẹ́ sí ìbéèrè kan, kí ó má baà dà bí ẹni pé a kàn ń fi àkókò ṣòfò: kí ni iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú ìtàn yìí? Ọmọbìnrin kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: 'Orin náà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.' Mo fún un ní òdo, nítorí kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà ìmáàkì tí ó ti mọ́ mi lára. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tún sinimá náà wò ní ilé. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọmọ náà gbọ́ ìtàn jù mí lọ.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé sinimá náà. A ó wo ohun tí orin ń ṣe nínú rẹ̀. A ó fi wé orin inú mẹ́ta nínú àwọn àlọ́ Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àbá kan síwájú àwọn olùkọ́ àti olùdánwò.

Sinimá náà àti àwọn tí ó ṣe é

Ilé-iṣẹ́ Walt Disney ni ó ṣe sinimá Three Little Pigs. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ àwọn sinimá kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Silly Symphonies, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1929. Ohun tí ó ya ọ̀wọ́ náà sọ́tọ̀ ni pé orin ni ó ń ṣíwájú níbẹ̀, tí àwòrán ń tẹ̀ lé e. Bí ìlù bá ti dún ni ẹsẹ̀ ẹ̀dá ìtàn ń lọ. Burt Gillett ni ó darí sinimá ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta yìí, Frank Churchill ni ó sì ṣe orin rẹ̀. Ní 1934, ó gba ẹ̀bùn tí àwọn oníṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà ń fún sinimá kúkúrú alápẹẹrẹ àwòrán yíyà tí ó bá tayọ. Ní àkókò tí ó jáde, ọ̀dá owó àti àìríṣẹ́ṣe ti mú ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́fun. Orin tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi ń fi ìkookò ṣe yẹ̀yẹ́ wá di orin ẹnu tẹrú-tọmọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìkookò náà gẹ́gẹ́ bí ebi àti òṣì tí ń kanlẹ̀kùn wọn.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ń kọ́lé. Èkíní, tí ó jẹ́ afunfèrè, fi koríko gbígbẹ kọ́ tirẹ̀ wéréwéré. Èkejì, tí ó ń ta gòjé òyìnbó, fi igi wẹ́wẹ́ kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta wọ aṣọ iṣẹ́ bí bíríkìlà, ó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń to bíríkì. Ó ní òun kò ráyè orin àti ijó, nítorí iṣẹ́ àti eré kì í jọ rìn. Àwọn méjì yòókù fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jó kiri, wọ́n ń fi orin bú ìkookò. Ìkookò yọ lójijì. Ó fẹ́ ilé koríko dànù. Wọ́n sá lọ sí ilé onígi. Ó ṣe bí ẹni pé òun ti ń lọ sílé. Ó padà wá bí ọmọ àgùntàn tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbà fún un, ó bá fẹ́ ilé náà dànù pẹ̀lú. Wọ́n sá dé ilé oníbíríkì. Ó tún da aṣọ ọlọ́jà akirí bora, kò gbọn. Ó fẹ́ atẹ́gùn títí, ilé kò mì. Ó gba inú ihò èéfín wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ kẹta sì ti gbé ìkòkò gbígbóná dè é, ó ti da òróró tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà sí i. Bí ìkookò ṣe bọ́ sínú rẹ̀, igbe ló fi bọnu, ó sì sá lọ ráúráú.

Kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ ẹranko yìí. Ẹran tí àwọn òyìnbó ń sọ ìtàn rẹ̀ kò sí ní igbó ilẹ̀ wa. Ìkookò ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi dípò rẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ àwọn ọmọ lára láti ilé ìjọsìn, pàápàá nítorí ọ̀rọ̀ ìkookò tí ó wọ awọ àgùntàn. Nígbà tí ìkookò fi awọ àgùntàn bora nínú sinimá yìí, kíláàsì mi ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó kanlẹ̀kùn.

Orin gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí, kò ní pẹ́ kí ó tó dáhùn pé kí a má ṣe ọ̀lẹ. Èyí kò yà mí lẹ́nu. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí, ti fi ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ nínú Aláwìíyé gbin ẹ̀kọ́ náà sí ìran-ìran ọmọ Yorùbá lọ́kàn. Nítorí náà, ojú ewì Ọdúnjọ ni àwọn ọmọ fi ń wo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta. Ìwò náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá dúró síbẹ̀, ohun tí a ó sọ nípa orin ni pé orin ni ti ọ̀lẹ, iṣẹ́ ni ti ọlọ́gbọ́n. Sinimá náà fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ èyí. Nígbà tí a dé inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ kẹta, tí ó ní òun kò ráyè orin, a bá dùùrù níbẹ̀. Bíríkì ni ó fi ṣe dùùrù náà. Ó jókòó ti dùùrù yìí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Kí wá ni orin náà ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí a tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ìkookò kò sí nítòsí. Orin náà lọ sókè, ijó náà gbóná. Bí ìkookò ti yọ ni orin já. Nígbà kejì, inú ilé onígi ni wọ́n wà. Wọ́n gbọ́ pé ìkookò ní òun ń lọ sílé, orin bá tún sọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni a kanlẹ̀kùn, orin tún já. Ní ìparí, tí ìkookò ti jóná lẹ́yìn tí ó sì ti sá lọ, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlẹ́dẹ̀ kẹta sì ń fi dùùrù gbè é. Ẹlẹ́dẹ̀ kẹta bá fi ọwọ́ kan ara dùùrù kò-kò-kò bí ẹni kanlẹ̀kùn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni sinimá parí sí.

A rí i pé ọ̀rọ̀ orin náà kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ń yí padà ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orin ìgboyà ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò sí ohun ìbẹ̀rù nìkan ni wọ́n lè kọ ọ́. Òun ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìbẹ̀rù wọn. Àwọn tí ó ya àwòrán náà kò fi gbólóhùn kankan sọ fún wa pé ojo ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ méjì yìí. Bí orin ṣe ń já tí ó sì ń tún sọ ni ó sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ìparí náà sì fi hàn pé gbogbo ohun tí ojú wọn rí kò kọ́ wọn lọ́gbọ́n: orin kan náà, sísá kan náà. Ohun tí ọmọbìnrin inú kíláàsì mi fi gbólóhùn kan sọ nìyẹn, tí mo fún un ní òdo lé lórí.

Láti inú èyí ni mo ti rí ọ̀nà kan tí olùkọ́ lè lò. Mo pè é ní ìdánwò ìyọkúrò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ orin kúrò nínú ìtàn, kí ó sì sọ ohun tí ó bàjẹ́. Bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ìdárayá ni orin náà. Bí ìtàn bá wó, a jẹ́ pé òpó ni.

Orin mẹ́ta nínú àlọ́ Ìjàpá

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìdánwò yìí wá sílé. A ó mú àlọ́ mẹ́ta tí kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apàlọ́ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń pa tirẹ̀.

Èkíní ni àlọ́ Ajá àti ìyá rẹ̀ nígbà ìyàn. Àwọn ẹranko fi ẹnu kò pé kí olúkúlùkù pa ìyá rẹ̀ fún jíjẹ. Ajá gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, á lọ sí abẹ́ ibẹ̀, á kọrin, ìyá á sì ta okùn sílẹ̀ fún un. Ìjàpá ṣọ́ ọ, ó kọ́ orin náà, ó sì lọ kọ ọ́ bí ẹni pé òun ni Ajá. Bí a bá yọ orin kúrò nínú àlọ́ yìí, okùn kò ní sọ̀kalẹ̀, Ìjàpá kò ní rí nǹkan jí, ìtàn ti tán. Kọ́kọ́rọ́ ni orin yìí. Ìjàpá kò fọ́ ilẹ̀kùn; orin ni ó jí. Níhìn-ín, Ìjàpá àti ìkookò inú sinimá pàdé: àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè dún bí ẹni tí a fẹ́ràn yóò wọlé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò gba ohùn àgùntàn gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá Ajá gba ohùn Ìjàpá gbọ́, nítorí orin ọmọ rẹ̀ ni ó gbọ́.

Ẹ̀kejì ni àlọ́ Ìjàpá, Yánníbo àti babaláwo. Yánníbo ń wá ọmọ. Babaláwo se oògùn fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn oúnjẹ náà borí ìkìlọ̀. Ìjàpá jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ó wá fi orin padà tọ babaláwo lọ. Nínú orin náà ni ó ti ń ro ẹjọ́: bí òun ṣe ṣubú, bí ọwọ́ òun ṣe kan oògùn, bí ọwọ́ náà ṣe kan ẹnu. Bí a bá yọ orin yìí kúrò, aláìsàn kan ṣoṣo ni yóò kù fún wa. Inú orin ni ìjẹ́wọ́ wà, inú orin kan náà ni irọ́ wà, nítorí Ìjàpá ń jẹ́wọ́ ó sì ń gbé ẹ̀bi lé gbòǹgbò igi lórí. Ìfìwàwẹ̀dá gidi ni èyí. Kò sí àpèjúwe tí apàlọ́ lè ṣe tí yóò fi ìwà Ìjàpá hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àlọ́ Ìjàpá àti Ajá nínú oko iṣu olóko. Ajá mú ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ìjàpá di ẹrù tí kò lè rù. Nígbà tí Ajá ń lọ, Ìjàpá gbé orin sókè pé kí ó dúró ran òun lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò ké sí olóko. Ìhalẹ̀ ni orin yìí. Ohun tí ó dùn nínú rẹ̀ ni pé orin náà gan-an ni ariwo tí ó ń halẹ̀ pé òun yóò pa. Olè tí ń kọrin nínú oko olóko ti pe olóko tán. Yọ orin náà, kí o fi ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ dípò rẹ̀, Ìjàpá lè mú iṣu dé ilé.

Kọ́kọ́rọ́, ìjẹ́wọ́, ìhalẹ̀: iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè kó sábẹ́ 'ó ń dá ni lára yá' kí a sì ní a ti dáhùn. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gba àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, mọ̀ pé orin tí ó bá ohùn àwọn ará ilé mu a máa ṣe iṣẹ́ tí ìwàásù nìkan kò lè ṣe.

A tún gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àwa olùkọ́ dá kún àìmọ̀ yìí. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973, ìwé ti bá wa tọ́jú ọ̀pọ̀ àlọ́ tí ì bá ti parun. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka àlọ́ nínú kíláàsì tí a sì kan orin, ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń sọ fún ọmọ tí ó ń kàwé pé, 'Fò ó, orin ni.' Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó fò ó ti fo ibi tí ìtàn ti yí padà.

Ègbè, àti ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n

Ibì kan wà tí sinimá náà kò ti lè dé ibi tí àlọ́ dé. Sinimá kì í dúró de olùgbọ́. A rẹ́rìn-ín o, a kò rẹ́rìn-ín o, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Apàlọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí ẹni gbè é, orin rẹ̀ kò ní lọ. Nígbà tí mo fi sinimá náà han kíláàsì lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ fi ègbè tiwọn sí i láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Bí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bá ti gbé orin wọn, kíláàsì a máa dáhùn lápapọ̀ pé, 'Ẹ tilẹ̀kùn o!' Wọn kò gbè wọ́n, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún wọn, nítorí àwọn ti rí ìkookò tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì rí.

Èyí mú kí n rí ohun kan tí n kò kíyè sí rí nínú ègbè àlọ́ wa. Nígbà tí Ìjàpá ń fi orin Ajá tan ìyá Ajá, ta ni ń gbè é? Àwa ni. Ọmọdé tí ó jókòó yí apàlọ́ ká ti bá olè gbe orin kí okùn tó sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyà bá dé bá Ìjàpá, ẹ̀rín wa kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí ó dúró lókèèrè. Ìwé ìmáàkì ní ègbè ń jẹ́ kí olùgbọ́ kópa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pé: nínú kí ni ó ń kópa?

Mo tún ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé kò sí nínú sinimá rárá: wọn kò mọ ẹni tí yóò sọ 'ẹ' fún ẹnì kejì. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta náà jọra bí ìbẹta. Ìṣesí àti aṣọ ni a fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa kò lè gbé wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó dàgbà jù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ni ó pinnu pé oníbíríkì ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjì yòókù máa pè é ní 'bọ̀ọ̀dá'. Láti ibẹ̀ ni ìtàn náà ti di tiwa. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe di àfojúdi sí ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún wọn sì di ojúṣe ẹ̀gbọ́n. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé ilé oníbíríkì ni Olúmọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, nítorí pé abẹ́ àpáta ni àwọn Ẹ̀gbá náà sá sí kí wọ́n tó tẹ ìlú yìí dó ní 1830. N kò kọ́ ọ ní àfiwé yẹn.

Àwọn àléébù

Kò yẹ kí ìgbádùn fọ́ wa lójú sí àléébù. Nígbà tí sinimá náà kọ́kọ́ jáde, ìmúra ọlọ́jà akirí tí ìkookò da bora jẹ́ àwòrán àbùkù tí wọ́n fi ń ṣe àwọn Júù yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde ní 1948, wọ́n tún apá ibẹ̀ yà. Olùkọ́ tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó sì kọ́kọ́ wò ó kí àwọn ọmọ tó wò ó. Àwa náà ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé: àlọ́ wa kan kò ṣàì fi abuké àti arọ ṣe ẹlẹ́yà, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ ọ́ síta.

Àléébù kejì ni pé kò sí obìnrin kan tí ó ṣe nǹkan nínú ìtàn náà. Àwòrán ìyá wọn tí a gbé kọ́ ara ògiri ni gbogbo ohun tí a rí, níbi tí ó ti ń fọ́mọ lọ́mú. Àwòrán bàbá wọn jẹ́ sọ́séèjì tí a so pọ̀, ẹ̀fẹ̀ tí ó ń pani lẹ́rìn-ín tí ó sì tún ń bani lẹ́rù. Àléébù kẹta kan àwọn tí ń sọ pé ìtàn yìí ń kọ́ni ní àbájáde ìwà. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Joseph Jacobs tẹ̀ jáde ní 1890, ìkookò pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ. Walt Disney àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá wọn sí. Ìjàpá tiwa kì í bọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà ara ìgbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwòrán yíyà oníẹranko kò kọjá eré òyìnbó, kí ó rántí Moustapha Alassane ti ilẹ̀ Niger, tí ó fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ẹ̀dá ìtàn nínú sinimá kúkúrú rẹ̀, Bon voyage Sim, ní 1966. Ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ mìíràn, nígbà tí yóò fi padà dé, ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi Ìjàpá bá ọba wí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ fi ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó rọ́pò Ìjàpá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni àwọn ọmọ wa ti ń wo àwòrán tí ń rìn nínú ilé. Ohun tí wọ́n ń wò kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Bí wọn yóò ṣe máa wò ó ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá fi ìdánwò ìyọkúrò wo sinimá lónìí yóò fi gbọ́ àlọ́ lọ́la.

Àwọn mìíràn yóò ní olùdánwò tí ó ní òkìtì ìwé níwájú kò lè ṣe láìní ìlànà kan náà fún gbogbo ọmọ. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí a sun ìlànà. Àbá mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí a má béèrè ipa orin nínú àlọ́ lápapọ̀ mọ́. Kí a dárúkọ àlọ́ kan, kí a sì béèrè iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú rẹ̀. Èkejì, kí a fi máàkì sí ẹ̀rí: ọmọ tí ó bá tọ́ka sí ibi tí orin ti yí ìtàn padà gbọ́dọ̀ gba máàkì ju ẹni tí ó to àǹfààní mẹ́ta tí ó há sórí. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ọ́ sínú ìlànà pé ìdáhùn mìíràn tí ó bá ní ẹ̀rí láti inú ìtàn ṣe é gbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé orin inú sinimá ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta àti orin inú àlọ́ àpagbè ń ṣe iṣẹ́ tí ìtàn kò lè ṣe láìsí wọn, iṣẹ́ náà sì yàtọ̀ láti ìtàn sí ìtàn. A kò sọ pé orin kì í dá ni lára yá. Èmi gan-an gbádùn orin àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà, mo sì tún ń kùn ún nígbà tí mo ń máàkì. Ohun tí a sọ ni pé ẹni tí ó gbádùn nǹkan dénú yóò lè sọ ibi tí adùn rẹ̀ ti wá.

Nígbà tí a wọlé fún sáà kejì, mo gba ìwé ọmọbìnrin náà padà, mo fagi lé òdo, mo sì fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i. Ó dúpẹ́. Ó wá bi mí pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò àṣejáde, ṣé wọ́n á gbà á?' N kò rí èsì fún un, nítorí èmi nìkan kọ́ ni yóò máàkì ìwé rẹ̀. Mo gbé ìbéèrè náà wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ ó máàkì í.